Dárúbíìlì tí Mo Wọ̀n fún Àlàájì Yáyà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n tètè fẹnu ara mi ro ẹjọ́ yìí, kí Ràmánù ọ̀rẹ́ mi tó fi iyọ̀ sí i, kó fi ata sí i, kó wá di pé èmi ni mo yìnbọn lu ràkúnmí. Mi ò yìnbọn lu ràkúnmí kankan o! Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní oko kan lẹ́yìn ìlú Jeddah nìyí, bó ṣe rí gẹ́lẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Mẹ́kà. Èdè Lárúbáwá àti òfin ẹ̀sìn ni mò ń kà, àdúgbò Al-Hujun ni mò ń gbé. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé tí ẹ bá ṣi ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kan pè níwájú mi, oúnjẹ ò ní lọ lọ́fun mi títí màá fi tún un ṣe. Wọ́n ní mo máa ń jiyàn. Èmi ò gbà. Ẹ ò wá rí i? Mo tún ti ń jiyàn.

Ràmánù tí mo dárúkọ yẹn, kíláàsì kan náà la wà. Jeddah ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí bàbá rẹ̀, Àlàájì Yáyà, sí. Àwọn òbí Àlàájì ló wá ṣe Háàjì láyé ọjọ́un tí wọn ò padà sílé mọ́. Bíréékì ọkọ̀ akẹ́rù ni Àlàájì ń ṣe ní Al-Mahjar, ilé wọn sì wà ní Al-Hindawiyah. Kò tíì fẹsẹ̀ tẹ Nàìjíríà rí láyé rẹ̀. Àmọ́ ẹ gbọ́ Yorùbá lẹ́nu rẹ̀! Ẹnu ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Tó bá sọ ọ́ sí àwọn ọmọ rẹ̀ báyìí, Lárúbáwá ni wọ́n fi ń dá a lóhùn.

Ràmánù ní àbúrò obìnrin kan, Àfúsátù. Ṣé ẹ ti ń gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ? Mo fẹ́ Àfúsátù, Àfúsátù náà fẹ́ mi, ó sì ti sọ fún bàbá rẹ̀. Bàbá ló kù. Àlàájì ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti fẹ́ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, á bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo sanra nílé yẹn o, mi ò parọ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìbọn. Ẹ má jáyà, ìbọn afẹ́fẹ́ ni, èyí tó ń yin ọta kékeré bí ẹ̀wà. Ó ní ìwé àṣẹ, orúkọ Àlàájì ló sì wà níbẹ̀. Kò wọ ààlà Mẹ́kà rí, nítorí gbogbo wa la mọ òfin Haram, ilẹ̀ mímọ́ tí wọn kì í yìnbọn nínú rẹ̀. Agolo òfìfo ni wọ́n ń fi í yìn ní oko dàbínù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Àlàájì Múúsá, lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ló máa ń figagbága. Ẹni tó bá fìdí rẹmi ló máa sun ẹran, òun náà ló máa fọ ìkòkò.

Àlàájì Yáyà ti fọ ìkòkò sú! Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń ra ọṣẹ ìfọkòkò fún un gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn Ọdún. Èyí tó wá ba nǹkan jẹ́ pátápátá ni pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ra dárúbíìlì sórí ìbọn tirẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń pe páìpù onígíláàsì tí wọ́n ń dè mọ́ orí ìbọn nìyẹn níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fojú wo inú rẹ̀, ohun tó jìnnà á sún mọ́ yín, ẹ ó sì rí ìlà tíntín méjì tó dábùú ara wọn láàárín. Ibi tí ìlà yẹn bá pàdé ló yẹ kí ọta bà. Ẹ rántí ìyẹn dáadáa.

Bí Àlàájì ṣe ń ráhùn nípa ọ̀rọ̀ yìí lọ́jọ́ kan, tí èmi ń jẹ ìrẹsì wọn lọ, ni ẹnu mi bá já. Mo ní Àlàájì, ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Mo ní mo ti wo gbogbo fídíò rẹ̀ tán lórí fóònù, pé kí wọ́n jẹ́ kí n bá wọn ra dárúbíìlì tí ò wọ́n, kí n dè é, kí n ṣètò rẹ̀. Àlàájì wò mí títí. Wọ́n wá ní: “Lukmọ́nù, tí mo bá lè lé ẹ̀gbọ́n mi lọ sídìí ìkòkò lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ tó ń bọ̀ yìí, kí o pe bàbá ẹ lórí fóònù, kí n bá wọn sọ̀rọ̀.”

Ha! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wá ìyàwó rí, ṣé ẹ gbọ́? Ìrẹsì ọwọ́ mi já bọ́. Àfúsátù tó wà ní kíṣìnnì fẹ́rẹ̀ẹ́ hó fún ayọ̀.

Èmi àti Ràmánù gba ọjà lọ. Ọkùnrin tó ń ta nǹkan ọdẹ bi wá bóyá fún “sáákítúùnù” ni. Ẹ gbà mí! Orúkọ tí wọ́n ń pe ìbọn afẹ́fẹ́ níbẹ̀ nìyẹn. Èmi ò mọ̀. Nínú Lárúbáwá inú ìwé tí mò ń kà, ohun tí mo gbọ́ ni “àwọn tó dákẹ́.” Fún àwọn tó dákẹ́ kẹ̀? Àwọn wo ló dákẹ́? Èyí tó tún wá gbóná sí mi lára ni pé bó ṣe parí ọ̀rọ̀ náà kò bá gírámà mu. Mo tún un ṣe fún un. Mo ní nígbà tí “fún” ti ṣáájú, “sáákítíìnì” ló yẹ kó pè é. Ọkùnrin náà kọjú sí Ràmánù, ó fohùn jẹ́jẹ́ bi í bóyá ara mi yá.

Ràmánù tọrọ gáfárà fún un, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ọjà. Èmi, èyí tó tóbi jù lojú mi wọ̀, tó ní iná pupa àti iná àwọ̀ ewé nínú. Ọkùnrin náà mi orí. Ó ní ìbọn afẹ́fẹ́ máa ń ta síwájú, á tún ta sẹ́yìn, pé inú èyí tí mo gbé yẹn máa tú ká láìpẹ́. Ó ní dárúbíìlì tó bá wúwo jù náà máa ń da ìbọn kékeré láàmú. Ó fún wa ní èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún ìbọn afẹ́fẹ́, tí èèyàn lè yí ẹnu rẹ̀ títí ohun tó wà nítòsí á fi mọ́lẹ̀ kedere. Kò lẹ́wà, àmọ́ owó rẹ̀ kò pa wá lára. Mo gbà tìkanratìkanra.

Ẹ jẹ́ kí n yin ara mi díẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó máa yìn mí mọ́ tẹ́ ẹ bá kà á délẹ̀. Bí mo ṣe de dárúbíìlì yẹn dára! Òrùka irin méjì ló ń gbá a mú. Èyí tí a kọ́kọ́ rà fẹ̀ ju ojú ibi tó máa jókòó sí lórí ìbọn lọ, a padà lọ pààrọ̀ rẹ̀. Mo ní kí Àlàájì gbé ìbọn lé èjìká láìkì í lọ́ta, mò ń ti dárúbíìlì síwá sẹ́yìn títí wọ́n fi sọ pé àwọn rí gbogbo ojú rẹ̀ láìsí dúdú létí. Mo fi okùn so nọ́ọ̀tì irin kan rọ̀ sí ara ògiri kí n lè mọ̀ pé ìlà inú rẹ̀ dúró ṣánṣán. Mo wá ń fún síkúrù ní díẹ̀díẹ̀, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì.

Ibi tí mo ti di ojú kan, tí mò ń fi ìkejì yọjú wo okùn, ni Àfúsátù gbé tíì wọlé. Ó bi mí ní Lárúbáwá bóyá òun ni mò ń ṣẹ́jú sí níwájú bàbá òun. Tíì pá mi lórí.

Ní ìrọ̀lẹ́ Àlàmísì, Àlàájì gbé ìbọn náà wò lókè, wò nísàlẹ̀. Inú wọn dùn. Wọ́n wá ní: “Ó kù kí o wọ̀n ọ́n. Ìwọ àti Ràmánù, ẹ ṣáájú wa dé oko láàárọ̀ ọ̀la, kí o wọ̀n ọ́n kí a tó dé. Tí o ò bá wọ̀n ọ́n, gbogbo wàhálà tí o ṣe yìí, òfo ni.”

Mo ní màá wọ̀n ọ́n, sà.

Ẹ dúró níbẹ̀ ná. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, tí ẹnì kan bá fi Yorùbá sọ fún yín pé kí ẹ wọn nǹkan, kí lẹ máa ṣe? Ẹ dá mi lóhùn! Ṣé ẹ ò ní wá òṣùwọ̀n ni?

A dé oko láàárọ̀ Jímọ́ọ̀. Ràmánù já mi sílẹ̀, ó lọ ra èédú àti ẹran. Òun tó yẹ kó là mí lójú, ẹran ló lọ rà! Èmi wá òṣùwọ̀n, mo sì rí i: èyí tí wọ́n fi ń wọn dàbínù ni. Ọkàn mi balẹ̀. Mo ti rántí ohun tí ọkùnrin ọlọ́jà sọ nípa dárúbíìlì tó wúwo jù. Mo ní àṣé ohun tí Àlàájì ń sọ nìyẹn! Bóyá ẹ̀gbọ́n wọn fẹ́ wá jiyàn lórí bó ṣe wúwo tó, ká sì ti ní ẹ̀rí lọ́wọ́.

Àmọ́ mo rò ó pé tí mo bá gbé gbogbo rẹ̀ lé òṣùwọ̀n, ìbọn ni mò ń wọ̀n, kì í ṣe dárúbíìlì. Kí ni ọlọgbọ́n á ṣe? Mo tú u! Mo tú gbogbo síkúrù tí mo fi sùúrù dè. Mo wọ̀n ọ́n, mo nu òṣùwọ̀n, mo tún un wọ̀n. Mo kọ ìdáhùn sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo wá dè é padà kíákíá, láìsí okùn, láìsí nọ́ọ̀tì, nítorí oòrùn ti ń ta mí lórí.

Ràmánù dé, ó bi mí ní Lárúbáwá ìgboro bóyá mo ti wọ̀n ọ́n. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ìwọ̀n náà ló wà nínú tiwọn! Mo fi Lárúbáwá inú ìwé dá a lóhùn, mo pe gbogbo ìparí ọ̀rọ̀ pé: mo wọ̀n ọ́n ní wíwọ̀n. Ó ní máṣá Allah, ó sì yíjú sí èédú rẹ̀.

Lẹ́yìn Jímọ́ọ̀, gbogbo ilé dé. Wọ́n to agolo sórí pákó níwájú òkìtì iyanrìn ńlá kan: ti Àlàájì Múúsá lápá òsì, ti Àlàájì Yáyà lápá ọ̀tún. Ẹni tí agolo rẹ̀ bá kọ́kọ́ wó tán ló borí, kò sí òfin mìíràn. Àwọn tó kù jókòó sẹ́yìn, Àfúsátù wà láàárín wọn, ó ń wò mí, èmi náà ń tún fìlà mi dé.

Àlàájì Yáyà gbé ìbọn. Wọ́n ṣe bísímílà. Tà! Agolo kan wó. Mo pariwo: “Allahu Akbar!” Èmi nìkan ni mo pariwo. Mo wò ó dáadáa: agolo Àlàájì Múúsá ló wó.

Wọ́n tún yìn ín. Agolo Àlàájì Múúsá mìíràn wó. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ ni. Wọ́n nu ojú, wọ́n nu gíláàsì, wọ́n yìn ín lẹ́ẹ̀kan sí i. Òmíràn tún lọ! Ní ti èyí tó wà lápá ọ̀tún, kò sí èyí tó mì rárá.

Ẹ mọ ohun tí Àlàájì Múúsá ṣe? Wọ́n gbé ìbọn tiwọn sílẹ̀, wọ́n fa àga, wọ́n ní kí wọ́n bu tíì wá. Wọ́n ní Yáyà àbúrò mi, Ọlọ́run á san ẹ́ lẹ́san rere, máa bá iṣẹ́ lọ. Àlàájì mi, inú ń bí wọn, wọ́n sì ń yìn ín lọ, àbúrò ń bá ẹ̀gbọ́n jagun ẹ̀gbọ́n. Ìgbà tí agolo tó gbẹ̀yìn ní apá òsì ṣubú ni àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn bú sẹ́rìn-ín.

Àlàájì Yáyà yíjú sí mi. “Lukmọ́nù, o wọ̀n ọ́n, àbí o ò wọ̀n ọ́n?”

Ó dùn mí. Ẹ ò lè mọ bó ṣe dùn mí tó pé wọ́n lè rò pé mo parọ́. Mo ní mo wọ̀n ọ́n, sà! Mo ní lẹ́ẹ̀mejì ni mo wọ̀n ọ́n, kò tiẹ̀ tó kílò kan. Mo ní mo tú u kúrò lórí ìbọn kó lè péye, pé òṣùwọ̀n dàbínù ń bẹ níbẹ̀ tó máa jẹ́rìí mi. Mo na àtẹ́lẹwọ́ mi sí wọn.

Wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n ka nọ́ńbà tó wà níbẹ̀.

Ràmánù ló kọ́kọ́ ṣubú. Mo ní ó ṣubú, lulẹ̀ ni, nínú iyanrìn, ó di ikùn mú. Òun ló wá ń fi omijé ṣàlàyé fún mi pé tí àwọn ọdẹ ibẹ̀ bá ní kí èèyàn wọn dárúbíìlì, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kó yìn ín wò, kó sì máa yí i títí ọta á fi máa bà síbi tí ìlà ti pàdé. Ẹ̀yin náà rí i? Àlàájì mú ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ìgboro, wọ́n wọ aṣọ Yorùbá fún un, wọ́n sì fi rán èmi ọmọ Ìwó níṣẹ́!

Ó yẹ kí n dákẹ́. Ó yẹ kí n dọ̀bálẹ̀. Kí ni mo ṣe? Mo jiyàn! Mo ní ẹ jọ̀ọ́, Àlàájì, ní Yorùbá, wọ̀n ni wọ̀n. Àlàájì ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé ìyá àwọn máa ń sọ fún àwọn pé kí àwọn fojú wọn nǹkan. Mo ní fojú wọ̀n lọ̀tọ̀, wọ̀n lọ̀tọ̀, sà! Mo ní ẹ ò sọ “fojú”! Ká ní ẹ sọ “fojú” ni, mi ò ní wá òṣùwọ̀n! Àlàájì na ìka sókè bíi pé wọ́n fẹ́ fèsì, wọ́n wá sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ìgbà yẹn ni ojú mi là. Mo wo Àfúsátù. Ó ti fi ìbòrí bojú, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún. Mo ní ó ti parí. Lukmọ́nù, o ti fẹnu ara ẹ lé ìyàwó lọ.

Àlàájì ò bínú síta. Wọ́n lẹ páálí kan mọ́ òkìtì iyanrìn, wọ́n gbé ìbọn lé orí àpò iyanrìn kó má baà mì, wọ́n ní kí n súnmọ́ ibí. Wọ́n yìn ín lẹ́ẹ̀melòó kan, ihò ọta kó ara wọn jọ sápá òsì, bí ọmọ ìyá kan náà. Kókó kékeré méjì ló wà lára dárúbíìlì, ọ̀kan lórí, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. A yí ti ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, a yìn ín wò, a tún yí i. A wá yí ti orí. Kò pẹ́ tí ọta fi ń bà síbi tí ìlà ti pàdé. Àṣé gbogbo ohun tó kù nìyẹn!

Mo bẹ Àlàájì Múúsá pé kí wọ́n jẹ́ ká tún un bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní agolo àwọn ti wó tán, pé òfin ni òfin. Èmi tí mò ń kà nípa òfin, kí ni mo fẹ́ sọ? Àlàájì Yáyà ká apá aṣọ sókè, wọ́n lọ sídìí ìkòkò.

Mo tẹ̀lé wọn. Àwọn ń fi iyanrìn fọ̀ ọ́, èmi ń fi omi ṣàn án. Mò ń wá bí mo ṣe máa tọrọ àforíjì, gbogbo èyí tó ń wá sí mi lẹ́nu ló dà bí ìjiyàn.

Àfi bí Àlàájì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kọ́kọ́ kéré, ó wá pọ̀ débi tí wọ́n fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà tó tán, wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Wọ́n ní láti ìgbà tí ìyá àwọn ti kú, kò sí ẹni tó bá àwọn jà lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá mọ́. Wọ́n ní àwọn ọmọ àwọn máa ń gbọ́ ọ, wọ́n á ní “náámù, yá bàbá,” ìyẹn bẹ́ẹ̀ ni, bàbá, ó parí, bí àwọn sọ ọ́ re, bí àwọn sọ ọ́ burú, bákan náà ni. Wọ́n ní: “Ìwọ gbọ́ ohun tí mo sọ, o sì lọ ṣe é bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an. Màmá mi ì bá ti na èmi, kì í ṣe ìwọ. Fóònù ẹ dà?”

Mo ní ṣùgbọ́n wọn ò borí, sà. Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ẹnu mi! Àlàájì ní kí n dákẹ́, kí n pe bàbá mi.

Mo fi ọwọ́ olómi tẹ nọ́ńbà. Bàbá mi gbé e ní Ìwó. Àlàájì kí wọn, wọ́n bèèrè ilé, wọ́n bèèrè ọ̀nà, wọ́n bèèrè ara àwọn ìyá, wọ́n ṣàdúà, wọ́n wá ní àwọn ní òdòdó kan nílé tí ọmọ yín fẹ́ já. Bàbá mi ní kí wọ́n tún un sọ. Mo rò pé nẹ́tíwọ̀kì ni.

Nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ tán, èmi ni wọ́n pè. Ohùn wọn ti yí padà. Wọ́n ní: “Lukmọ́nù, ta lẹni yìí? Níbo lo ti rí i? Bí ìyá mi ṣe máa ń sọ̀rọ̀ ló ń sọ̀rọ̀ yẹn.” Àlàájì gbọ́ ọ, nítorí fóònù mi máa ń pariwo. Wọ́n gbé ìkòkò sílẹ̀, wọ́n yíjú sápá ibòmíràn. Èmi tí mo máa ń jiyàn, ẹ̀yin èèyàn mi, fóònù ni mo nà sí Àlàájì.

Ohun tí mo rí kọ́ ò pọ̀. Tí àgbà tí kò dàgbà nínú ilé kan náà pẹ̀lú yín bá rán yín níṣẹ́, tí ẹ sì rò pé ọ̀rọ̀ náà yé yín dáadáa, ẹ tún bi wọ́n léèrè kí ẹ tó gbéra. Àti pé ẹ má tú síkúrù tí ẹ bá ti dè tán!

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ló ti jẹ́ iṣẹ́ tí wọn ò rán an rí nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, kí ojú ó lè tì wá pọ̀. Màá kà á fún Àfúsátù náà. Ó ti ní kí n máa kọ́ òun ní gbogbo ọ̀rọ̀ Yorùbá tí òun máa fi bá mi jà.